Ilẹ̀ RV Tó Ń Jìn Lábẹ́ Ẹsẹ̀: Ẹ Má Tẹ́ Lẹ́dà Tuntun Lé E

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, ní Dallas àti káàkiri Texas, tí ẹ ti ra RV (ọkọ̀ tó tún jẹ́ ilé) àlòkù tàbí tí ẹ ń wá èyí tí ẹ máa rà, ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó kó ọmọ sùn sínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń jìn lábẹ́ ẹsẹ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà, nídìí tọ́ilẹ̀ẹ̀tì tàbí nísàlẹ̀ fèrèsé, pákó abẹ́ rẹ̀ ti ń jẹrà nìyẹn. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ́ lẹ́dà tuntun lé e. Ẹ má sì gbà kí káfíńtà fi ayùn iná kàn án nígbà tí gáàsì ṣì wà ní ṣíṣí.

Ilẹ̀ RV kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Pílíwúùdù ni, tàbí pákó tí wọ́n fi èérún igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fóòmù wà lábẹ́ pákó yẹn, wọ́n á tún wá fi ọ̀rá dúdú bo gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Lẹ́dà dí òkè, ọ̀rá dí ìsàlẹ̀, omi tó bá ti há sáàárín kò rọ́nà jáde. Láàárín wákàtí 24 sí 48, pákó náà ti lè máa bu. Etí ilẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n sábà máa ń kan ògiri mọ́. Bí etí bá rà, ògiri á máa ya kúrò lára ilẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń sáré lórí títì, ìjókòó tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́lẹ̀ náà kò sì ní ohun tó dì í mú mọ́.

Ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ lè jìnnà sí ibi tí omi ti wọlé. Omi lè gba ojú ìsopọ̀ òrùlé wọlé, kó rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú ògiri, kó tó wá jókòó sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà òtútù burúkú tó mú Texas ní oṣù kejì ọdún 2021, omi dì nínú páìpù, páìpù bẹ́, yìnyín ò sì tíì yọ́ tán tí omi ti ń ṣàn sábẹ́ ilẹ̀. Láti mọ ibi tí omi ti ń wọlé, kí ẹnì kan dúró síta pẹ̀lú rọ́bà omi, kó máa fọ́n ọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹnì kejì wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ má ra ìṣó kankan títí ẹ ó fi rí ojú ibi tó ń jò, tí ẹ ó sì dí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú òòlu, ẹ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi gún pákó. Èyí tó dára á kọ̀ fún yín. Èyí tó ti rà á gba òòlu wọlé bí ìgbà tí ọ̀bẹ wọ ẹ̀kọ. Ẹ máa gún un lọ títí ẹ ó fi dé ibi tó le, kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ máa gé dé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn ọ̀rinrin inú igi: bí ó bá fi hàn pé ọ̀rinrin náà ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ má tíì bo pákó náà. Ẹ gé ọ̀rá abẹ́ ọkọ̀ kí omi ó lè jáde, kí ẹ tan fáànù sí i. Gbígbẹ ló ń pẹ́ jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Páìpù gáàsì àti wáyà sábà máa ń gba abẹ́ pákó yẹn kọjá. Gáàsì inú sílíńdà RV wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló ń sọ̀ sí, níbi tí ẹni tó ń rẹ́ pákó kúnlẹ̀ sí pẹ̀lú ayùn tó ń ta iná. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúmigbóná tó ń lo gáàsì tún lè tanná fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Torí náà, ẹ ti gáàsì lẹ́nu sílíńdà, ẹ yọ wáyà iná 120 volt lára ògiri, ẹ tú orí bátìrì. Ẹ ṣe ayùn náà kí eyín rẹ̀ má ju nínípọn pákó lọ.

Ihò tó bá wà nínú ilẹ̀ tún ní ewu tirẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ẹ́ńjìnì lè gba ibẹ̀ wọ yàrá, carbon monoxide inú rẹ̀ kò sì ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó sùn lè má jí. Títí tí ẹ ó fi dí ihò yẹn pa, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ nígbà tí ènìyàn wà nínú ọkọ̀.

Ẹ wọ ìbòmú N95, ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú bí ẹ bá ń kó pákó tó ti bu jáde. Bí ẹ bá fi bílíìṣì fọ ibi tó bu, ẹ má pò ó mọ́ ohunkóhun tó ní amóníà. Bí bíbu náà bá ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní ìbú àti mẹ́ta ní òró lọ, ẹ pe àwọn tó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ ṣí fèrèsé tí ẹ bá fi pákó tuntun sí i, torí gúlúù inú pákó ń tú formaldehyde jáde, pàápàá nínú ooru. Nítorí rẹ̀ ni ìṣòro fi bẹ́ sílẹ̀ nínú àwọn ilé alágbèérìn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi àwọn tí ìjì Katrina ti ọdún 2005 lé nílé sí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà: ìkún omi Harvey ní 2017 ba ọkọ̀ púpọ̀ jẹ́ ní Houston, ọkọ̀ tí omi bò sì lè dé ọjà ìpínlẹ̀ mìíràn pẹ̀lú ìwé tó mọ́. Ẹ fi VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ RV tí ẹ fẹ́ rà, wá a lórí ìkànnì NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì ìbánigbófò, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́dà tó ń dán nínú RV ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì ní kó gbà yín láyè láti ṣí igun kan wò. Bí ó bá kọ̀, ẹ kó owó yín padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bo tiyín mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ká igun kan sókè lónìí, kí ẹ sì fi òòlu gún un. Ibi tó bá gbà á wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sórí rẹ̀ lálẹ́ yìí.