Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ Ìbẹ̀fún ní Tẹníìsì?

Nígbà tí wọ́n bí Michael, ọmọ Tony Mmoh, sí ìlú Riyadh lọ́dún 1998, iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni baba rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀. Ikọ̀ tẹníìsì Sáúdí Arébíà tí ń kópa nínú ìdíje Davis Cup ni ó ń kọ́. Mmoh yìí kan náà ni ó ti gbá Davis Cup fún Nàìjíríà, tí ó ṣojú wa ní Òlíḿpíìkì Seoul lọ́dún 1988, tí ó sì dé ipò 105 lágbàáyé. Ẹni tí ó mọ iyì rẹ̀ ni ó gbà á síṣẹ́. Ọmọ náà dàgbà, ó di eléré tẹníìsì, ó sì ṣẹ́gun Alexander Zverev ti Jámánì ní Australian Open lọ́dún 2023. Amẹ́ríkà ni ó ń gbá a fún. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́bi.

Ẹ wo Nduka Odizor, ẹlẹgbẹ́ Mmoh nínú ikọ̀ Nàìjíríà. Àwọn àgbàlagbà kò ì tí ì gbàgbé Wimbledon ọdún 1983: Guillermo Vilas ti Ajẹntínà kọ́kọ́ gba ìpele méjì lọ́wọ́ rẹ̀, Odizor sì gba mẹ́ta tó kù, títí ó fi wọ ìpele kẹrin ìdíje náà. Ṣùgbọ́n eré ẹlẹ́ni-méjì gan-an ni pápá rẹ̀. Ife ẹyọ kan ni ó gbà nínú eré ẹlẹ́ni-kan. Méje ni ó gbà nínú ti ẹlẹ́ni-méjì. Ipò 52 ni ó dé nínú ti àkọ́kọ́, ó dé ipò 20 nínú ìkejì.

Eré ẹlẹ́ni-méjì kì í ṣe eré agbára lásán. Ta ni yóò dúró níwájú àwọ̀n, ta ni yóò bo ẹ̀yìn, ìgbà wo ni ẹnìkan yóò sọdá láìjẹ́ pé ẹnìkejì pè é? Ẹsẹ̀ lè di ọ̀lẹ, ìmọ̀ yìí kì í darúgbó. Andy Murray gba Jamie Delgado ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dún 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Delgado kò fìgbà kan dé ibi tí Odizor dé.

Kí ló kan Ìbẹ̀fún nínú èyí? Ó kàn án gidigidi. Èkó ni wọ́n bí Odizor sí, Èkó náà sì ni Robert Wren, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ti rí i, tí ó sì là á lọ́nà dé Yunifásítì Houston. Àlejò ló rí ẹ̀bùn ọmọ onílé! Àlejò wo ni yóò gba Ìbẹ̀fún kọjá kí ó tó dúró wo ọmọdé tí ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri?

Àwọn aláṣẹ yóò ní kò sówó. Irọ́ ni. Owó wà fún Clemens Westerhof lọ́dún 1989, ó wà fún Gernot Rohr láti ọdún 2016 sí 2021. Pápá ìṣeré Ìjẹ̀bú-Òde gbàlejò ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ ní 2009. Ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní 2006, ó tún gbà á ní 2025. Owó símẹ́ńtì kì í wọ́n wọn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, àmọ́ ilé nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́.

Ilẹ̀ títẹ́jú kan, àwọ̀n kan, rákẹ́ẹ̀tì díẹ̀, àti akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tí ó ń gba owó oṣù rẹ̀ déédéé: ohun tí ọmọ Ìbẹ̀fún nílò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú bá tún jókòó ti ètò ìṣúná, kí àwọn òbí lọ béèrè akọ́nimọ̀ọ́gbá mélòó ni ó wà nínú rẹ̀, àti oṣù tí wọ́n sanwó fún wọn kẹ́yìn.