Ọkọ̀ Tó Ń Kú Lójú Pópó: Àyẹ̀wò Ló Yẹ Kó Ṣáájú Páátì

Aláìsàn kì í mu àgúnmu kí oníṣègùn tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ l'Abẹ́òkúta, oògùn ló sábà máa ń ṣáájú ìbéèrè. Ọkọ̀ kú lórí eré láàárín Ìtòrí sí Ewékorò, ó sinmi díẹ̀, ó tún sítáàtì. Ó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n ní kí ọlọ́kọ̀ ra púlọ́ọ̀gì. Ó tún kú, wọ́n ní kó ra pọ́ǹpù epo. Ó tún kú, ọ̀rọ̀ di ti kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Owó tán, àìsàn kò lọ.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré, sítiárìn á wúwo, bíréèkì náà á sì le lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ńtì ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ìyẹn ti tó láti gba ẹ̀mí.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ pàápàá kò fojú kéré rẹ̀. Ní ọdún 2014, iléeṣẹ́ General Motors pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ padà nítorí ojú kọ́kọ́rọ́ tó máa ń yí kúrò ní àyè rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì á sì kú. Èèyàn 124 ni wọ́n san owó ìtanràn ikú wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Toyota pe nǹkan bí 700,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí pọ́ǹpù epo tó lè dákẹ́ lórí eré. Amẹ́ríkà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti ń wá. Ẹni tó bá sì tẹ nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀ sórí ojúewé àjọ NHTSA yóò mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá wọ́n ti pe ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe tí wọn kò tíì ṣe.

Ti ilé náà wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kọjá òdiwọ̀n wọ Nàìjíríà, ó sì ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í ra epo kún táńkì mọ́. Bẹ́ẹ̀, epo inú táńkì ló ń mú kí pọ́ǹpù tutù. Bó bá ń fìgbà gbogbo lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù á máa gbóná, kò sì ní í pẹ́ tó fi máa kú.

Ọkọ̀ máa ń sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀. Bí ó bá ń jẹ́ẹ́kì, tó ń wúkọ́ kó tó kú, epo ni kí a kọ́kọ́ fura sí: pọ́ǹpù, asẹ́ epo, ìdọ̀tí inú táńkì. Bí iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá kú pẹ̀lú rẹ̀, ẹ wo orí bátìrì àti ojú kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá kú láìwúkọ́, tó sì jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ tutù kó tó dáhùn, sẹ́ńsọ̀ crankshaft lè wà ńdìí ọ̀rọ̀, nítorí òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Bó bá jẹ́ inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Pánṣẹ́kẹ́ nìkan ló ti ń kú, ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì lè ti dọ̀tí. Gééjì ni yóò wọn agbára epo, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni yóò ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀. Méjèèjì kò ná ni tó pọ́ǹpù tí a rà lásán.

Àwọn mẹkáníìkì ní ẹjọ́ tiwọn: oníbàárà kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò, páátì tó fojú rí nìkan ló gbà pé iṣẹ́ ni. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì fi iye kan lélẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní lílo gééjì kí wọ́n tó gba òmìnira. Kí ọlọ́kọ̀ náà kọ ìgbà tí ọkọ̀ kú, bó ṣe gbóná sí àti bí epo ṣe kù tó sílẹ̀, kó sì sanwó ọgbọ́n bó ṣe ń sanwó irin. Ẹni tó bá kọ̀ láti san owó ìbéèrè lónìí lè san ohun tó ju owó lọ lójú ọ̀nà Èkó lọ́la.