Ẹnìkan Kì í Jẹ́ "Àwá Dé"

Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé." Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ti dáhùn ìbéèrè kan tó ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú títí dòní: kí ló sọ àwọn ọdẹ tó fọ́n káàkiri inú igbó di ará ìlú? Èyí tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé odò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ní Íjíbítì àti ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí, omi odò mú kí ọkà pọ̀, ọkà tó ṣẹ́ kù bọ́ ọba, ọmọ ogun àti akọ̀wé, ọba sì fi agbára kó ènìyàn jọ. N kò ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n àlàyé náà ń fi ọmọ ṣe ìyá. Lójú tèmi, àdéhùn ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni odi àti adé tó dé.

Ẹ wo Ògbómọ̀ṣọ́. Ìtàn ìlú náà, tí wọ́n fi sí nǹkan bí ọ̀rúndún 17, kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọba. Ogúnlọlá, tí í ṣe ọdẹ, tẹ̀dó sídìí igi àjàgbọn pẹ̀lú Lọ́rungbẹ́kún ìyàwó rẹ̀. Àfi bó ṣe rí èéfín tó ń rú níbòmíràn. Nínú igbó tí àwọn akónilẹ́rú ti ń jẹ̀, ta ló mọ ẹni tó dáná? Ẹlòmíràn ì bá pa iná tirẹ̀, kó sì fara pamọ́. Ogúnlọlá tọ èéfín náà lọ. Ó bá Aálẹ̀ níbi tó di Òkè Ẹlẹ́rìn, ó bá Ohunsílé ní Ìjẹ̀rú, ó bá Òrìṣàtólú ní Ìsàpá. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Alóńgo sílẹ̀, kí wọ́n lè jọ máa ṣọdẹ, kí wọ́n jọ máa lé akónilẹ́rú, kí ìyà má sì dá ẹnì kan jẹ. Bí wọ́n bá ti igbó dé, ilé Ogúnlọlá ni wọ́n ń pàdé sí, nídìí ẹ̀wà àti ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí Lọ́rungbẹ́kún ń pèsè. (Àwọn òpìtàn kì í sábà ka Lọ́rungbẹ́kún mọ́ àwọn tó dá ìlú náà sílẹ̀. Ìpàdé wo ló ń tòrò lórí ebi?) Ẹ̀yìn èyí ni oyè dé. Ẹjọ́ ìpànìyàn ló gbé Ogúnlọlá dé Ọ̀yọ́-Ilé, ibẹ̀ ló sì ti pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń yọ Aláàfin lẹ́nu. Wọ́n ní kó dúró, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ṣe ohun tòun lọ́hùn-ún. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ní oyè Ṣọ̀ún, oyè ọba Ògbómọ̀ṣọ́, ti wá.

Ẹnìkan lè ní ìtàn àtẹnudẹ́nu ni mo ń sọ, pé ìdílé kọ̀ọ̀kan a máa pọ́n baba tirẹ̀ lé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ìdílé ọba bá fẹ́ pọ́n ara rẹ̀ lé, ohun tí ì bá sọ ni pé baba wọn fi ọfà kó àwọn ọdẹ yòókù sábẹ́. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó lọ bá wọn ṣọ̀rẹ́ ni. Ẹ̀rí mìíràn tún wà nínú ilẹ̀. Ní ihò Eléérú lẹ́bàá Àkúrẹ́, tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ní 1965, wọ́n bá egungun ènìyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún, pẹ̀lú àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣá di ohun èlò. Ènìyàn wà, irinṣẹ́ wà, òjò ń rọ̀, ilẹ̀ sì lọ́ràá. Ìlú kò sí. Ní Göbekli Tepe nílẹ̀ Tọ́kì ẹ̀wẹ̀, ní bí ọdún 11,000 sẹ́yìn náà, àwọn ọdẹ tí kò tíì dáko gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n gbẹ́ òpó òkúta ńláńlá, wọ́n sì gbé wọn nàró. Kò sí oko tó kó wọn jọ.

Àtakò tó wúwo jù ni ti Ọ̀yọ́. Ṣebí ẹṣin àti idà ni Ọ̀yọ́ fi di ńlá, tí Dàhómì fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un? Bẹ́ẹ̀ ni. Idà lè gba ìlú, ṣùgbọ́n kì í tún un tò. Ohun tó gbé Ọ̀yọ́ ró ni pé Aláàfin kò lè ṣe bó ṣe wù ú lójú Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn afọbajẹ méje, ẹgbẹ́ Ògbóni sì ń ṣọ́ àwọn náà. Nígbà tí Baṣọ̀run Gáà, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, sọ ẹ̀tọ́ ìgbìmọ̀ di ohun ìjà ara rẹ̀, láti 1754 títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774, àdéhùn yẹn sán. Kò tún san dáadáa mọ́. Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́, yapa ní Ìlọrin, àwọn ẹrú tí Ọ̀yọ́ kò kà mọ́ ènìyàn sì sá lọ di ọmọ ogun rẹ̀. Èmi kì í gbójú fo ibí yìí: àwọn tí àdéhùn yọ sílẹ̀ wà lára àwọn tó bà á jẹ́. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ó bá ògiri amọ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, yàrà gbígbẹ yí i ká, ẹnubodè 10 sì wà lára rẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀; ògiri yìí ò lanu, inú ilé ló ti là. Ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro.

Ẹ wá wo ohun tí Aláàfin Àtìbà ṣe ní Àgọ́-Ọ̀jà, tó di Ọ̀yọ́ òní. Agbára ogun kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí náà oyè ló pín: ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ, ó sì pín ààbò ilẹ̀ fún wọn. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí kọ̀, kò gba Adélù ọmọ rẹ̀ ní ọba, ogun Ìjàyè sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn rù bọ̀ láti Ọ̀yọ́-Ilé kò parun: oyè Ọ̀yọ́ Mèsì, àti Akẹ̀sán, orúkọ ọjà ọba. Ògiri tí Clapperton rí ti di òkìtì nínú igbó ọba. Ọjà Akẹ̀sán ṣì ń ná nítòsí ààfin, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ń fín igbá níbẹ̀.