Elizabeth Cotten: Orin Ìbílẹ̀ Kì Í Ṣe Ohun Àwátì

Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn Elizabeth Cotten, olórin ìbílẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́: pé ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1958, àti pé ó ti lé ní àádọ́rùn-ún nígbà tó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní 1985. Ìtàn ìwúrí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó jù nínú rẹ̀ wà níbòmíràn.

Ìtòsí Chapel Hill, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ni wọ́n bí i sí ní 1893. Owó iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ló fi ra gìtá. Nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni, ńṣe ló dorí gìtá kodò, tó sì kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ta á. Ọmọdé ni nígbà tó kọ orin “Freight Train”, nípa ọkọ̀ ojú irin. Lẹ́yìn tó lọ́kọ, ó pa gìtá tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tó fi di òṣìṣẹ́ ilé fún ìdílé Seeger ní Washington, àwọn tí orin jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ ló ti tún fọwọ́ kan gìtá.

Peggy, ọmọ ilé náà, kọ orin yìí dé Ìlú Ọba. Ní 1957, orin náà gbòde kan níbẹ̀, àmọ́ orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Ìjà òfin ló dá orúkọ Cotten padà sínú ìwé.

Ohun tó ń mú kí irú èyí rọrùn ni èrò pé orin ìbílẹ̀ kò ní ẹni tó ni ín. A kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ilẹ̀ tàbí ilé. Pé a kò mọ ẹni tó dá orin kan sílẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun àwátì, pàápàá nígbà tí ẹni náà ṣì ń mí, tó ń fọ abọ́ nínú ilé tí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í dá rìn: Cotten rí ẹni gbèjà rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò rí. Owó tó rí nídìí orin ló padà fi ra ilé tirẹ̀ ní Syracuse, ìlú tó kú sí ní 1987. Orúkọ tí wọ́n kọ sídìí orin kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Oúnjẹ àti òrùlé ni.