ÒÓTỌ́ LÓ YẸ KÓ TÀ LỌ́JÀ WA

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù:  

Ní ìpàdé tó kọjá, mo ní kí àwọn tó ń ta èlùbọ́, ata gígún àti oúnjẹ sísè máa sọ ohun tó wà nínú ọjà wọn fún oníbàárà. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn, ó ń dárò ni. Kò ní ká sọ èké di iṣẹ́ o.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láàárọ̀ kí n tó jẹun, ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ 118. Nọ́ọ̀sì ní tó bá dé 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Tèmi kò tíì débẹ̀, àmọ́ mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo bá lọ ra èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kóńgò méjì lówó gọbọi. Nígbà tí mo rò ó, ó funfun, ó ń fà bíi láfún. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á. Ó kọ́kọ́ búra, nígbà tó yá ó ní, "Ìyá, gbogbo wa là ń ṣe é." Gbogbo wa kẹ̀? Èèyàn sanwó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fún un ní ẹ̀gẹ́! Olè nìyẹn.

Ẹ má sì ṣì mí gbọ́. Ògidì èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá kì í ṣe oògùn. Wíìtì náà kì í ṣe oògùn. Àwọn tó ń pariwo lọ́jà pé "jẹ ẹ́ bó ṣe wù ọ́, ṣúgà á sá lọ," irọ́ ni wọ́n ń pa. Gbogbo òkèlè ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, bó ṣe pọ̀ tó ló ṣe kókó. Òkèlè mi kò ju ìkúùkù mi lọ mọ́. Ewédú àti gbẹ̀gìrì ló kún abọ́ mi, torí ẹ̀wà kì í tètè gbé ṣúgà sókè. Mo ń mu ògì láìsí ṣúgà, mo pa ẹlẹ́rìndòdò tì, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn wá sọ́jà. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ mí wò, ó ti bọ́ sí 104.

Kì í ṣe èmi nìkan. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002, lórí èèyàn tó lé ní 3,000 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè. Àwọn tó dín sísanra kù díẹ̀, tí wọ́n ń rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, àtọ̀gbẹ láàárín wọn fi 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń lo oògùn dókítà, kó má tìtorí oúnjẹ jáwọ́ o.

Ọ̀rọ̀ kejì le ju ìyẹn lọ. Àwọn kan wà tí ara wọn kọ ẹ̀pà, àwọn mìíràn edé, ẹyin, mílíìkì tàbí sóyà. Kì í ṣe ṣàkálà. Ètè á wú, ara á lé, á máa yún. Nígbà mìíràn ọ̀fun á dí, ẹ̀mí á sì bọ́. Díẹ̀ tó kù lára ṣíbí pàápàá lè tó. Ọmọ kan jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́jà wa, ojú rẹ̀ wú. Ìyá rẹ̀ ti béèrè bóyá edé wà nínú ẹ̀, wọ́n ní kò sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè gbé e dé ọsibítù. Kí lẹ ń sọ kiri? Pé ayé ló ṣe é! Ayé wo? Edé ni! Irọ́ ẹnu wa ni ayé tó ṣe ọmọ yẹn.

NAFDAC ní kí àwọn tó ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára. Àwa tí kò ní ọ̀rá, ẹnu wa ni ká fi kọ ọ́. Kúlíkúlí wà nínú yájì: ẹ sọ ọ́. Edé wà nínú ata: ẹ sọ ọ́. Láfún wà nínú èlùbọ́: ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì tà á níye láfún. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé, irú lè mú ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ irú sóyà, ẹ sọ ọ́.

Ẹ ní ọjà ò ní tà. Ìyá ọmọ yẹn kò yà lọ́dọ̀ wa mọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ náà kò yà. Ẹnìkan wà láàárín wa tó ya àpò èlùbọ́ rẹ̀ sí mẹ́ta: iṣu lọ́tọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́tọ̀, láfún lọ́tọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tò sí. Èwo ló wá kùtà, òótọ́ àbí èké?

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, màá gbé e kalẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ sọ ọ́ di òfin. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó dìde níwájú gbogbo wa, kó sọ ohun tó ń dà pọ̀.

Èmi ni Akọ̀wé yín.