Ta Ló Ní Yorùbá Kò Mọ Ọ̀nà Ilé Ìdáná?

Níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ kan ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. À ń jiyàn lórí ìkéde tí Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, pé a ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Arábìnrin kan tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa oúnjẹ, tí mo sì bọ̀wọ̀ fún gidigidi, dá wa lọ́wọ́ kọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ fi ìjìnlẹ̀ sílẹ̀ ná. Ta ni nínú yín tí ó lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ mi bí a ṣe ń yan pọ̀tétò nínú ààrò tí yóò fi gbẹ lára bí èyí tí a dín? Èdè yín kò ní ọ̀rọ̀ rẹ̀." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín.

Arábìnrin náà kò tilẹ̀ fura pé Yorùbá tí ó já gaara ni òun fi bi wá. Yan, gbẹ, dín: ó ti lò wọ́n tán kí ó tó sọ pé a kò ní wọn.

Ìyá tí kò ka ìwé kan rí kò ní ṣi sísun pè ní yíyan. Iṣu tí a tì bọ inú iná, a sun ún. Ẹ̀pà tí a dà sínú yanrìn gbígbóná nínú agbada, a yan án. Èyí tí ó wẹ̀ nínú epo, a dín in. Èyí tí a fi omi hó fún ìgbà díẹ̀, tí a sì yára gbé kúrò kí ó tó jinná, a bọ̀ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi yangàn ńkọ́? Ohun tí ooru ààrò yan, tí kò wẹ̀ nínú epo rárá, orúkọ èyí tí a dín ni wọ́n fi ń pè é! Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá dán irú rẹ̀ wò nínú ìdánwò, n ó fa igi lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹnu lásán ni mo ń jà, ìlànà náà nìyí. Mú pọ̀tétò ńlá mẹ́rin, bó èèpo wọn, kí o sì gé wọn gbọọrọgbọọrọ ní ìnípọn sẹ̀ǹtímítà kan. Rẹ wọ́n sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 30. Omi náà yóò funfun, ìgẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yóò sì sinmi sí ìsàlẹ̀ abọ́ gẹ́gẹ́ bí ti ògì. Da omi náà nù, nítorí ìgẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ni í mú wọn lẹ̀ mọ́ra. Gbé omi mìíràn kaná. Fi iyọ̀ sí i, àti káún lílọ̀ tí kò ju ìdajì ṣíbí kékeré lọ fún lítà omi méjì. Bí ó bá ti hó, bọ pọ̀tétò náà fún ìṣẹ́jú 4 tàbí 5, kí etí rẹ̀ rọ̀ ṣùgbọ́n kí àárín rẹ̀ ṣì le. Dà á sínú ajere, kí ooru gbé omi ara rẹ̀ lọ. Mì í díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè rí págunpàgun, kí o wá fi òróró ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta pa á lára. Kí àwo irin pẹrẹsẹ ti gbóná nínú ààrò ṣáájú, ní ìwọ̀n 220 Sẹ́ńtígíréèdì. Tẹ́ wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, yí wọn padà. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí i, wọ́n á ti pọ́n. Ìgbà náà ni kí o tó tún wọ́n iyọ̀ sí wọn. Ara wọn yóò gbẹ táútáú, eyín yóò rún un wómúwómú, inú rẹ̀ yóò sì rọ̀ múlọ́múlọ́.

Ọ̀rọ̀ káún yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ọ̀kan nínú èròjà inú rẹ̀ ni sódà tí àwọn òyìnbó ń lò fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Àwọn ìyá wa ti ń fi í sínú ẹ̀wà àti ewédú láti ìgbà pípẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó máa ń tú ohun tí ó le. Lára pọ̀tétò, ó ń tú ohun tí ó so ẹran ara rẹ̀ pọ̀; ìyẹ̀fun tí ó bá tú náà ni yóò gba òróró mọ́ra, tí yóò sì di èèpo gbígbẹ. Bí o bá kó wọn jọ gègèrè, oruku omi ọ̀kan yóò máa se èkejì, wọn kò sì ní gbẹ láéláé. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà lára nǹkan, ooru ara rẹ̀ kò lè kọjá 100 púpọ̀. Pípọ́n sì rèé, ó fẹ́ tó nǹkan bí 140. Má sì jẹ́ kí wọ́n dúdú: ní ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Swídìn kéde pé kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ acrylamide máa ń wà nínú irú oúnjẹ báyìí bí iná bá pọ̀ lára rẹ̀. Èwo nínú gbogbo èyí ni Yorùbá kò lè gbé?

Wọ́n lè ní pọ̀tétò kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì náà; ọwọ́ àwọn ará Sípéènì ni wọ́n ti yá a. Àwọn aláta wa tilẹ̀ ń pè é ní Áírìṣì, bí ẹni pé ilẹ̀ Ireland ni ó ti ṣẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé orí òkè Andes ni ìpilẹ̀ rẹ̀, tí èyí tí à ń rà sì ń ti agbègbè Jos wá. Ẹ̀yá kò sọ èdè di òtòṣì. Ohun tí ó ń bí mi nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọn ì bá jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan tí ó gùn bí okùn ìfami, tí ìyá ọlọ́jà kankan kò ní lóye. "Pọ̀tétò yíyan" ti tó.

Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ̀rí yìí wà nílẹ̀ kí a tó kọ ìlànà ọdún 2022, ó sì wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fagi lé e.

Èmi alára kò ní tan yín: bí a bá gbé dùndún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a gbé pọ̀tétò yìí sí èkejì, mo mọ ibi tí ọwọ́ mi yóò lọ. Gáàsì náà kò sì pọ́ọ́kú. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí mo mọ̀, ààrò abẹ́ sítóòfù ti di àpótí tí a ń kó ìkòkò sí, bẹ́ẹ̀ owó gidi ni a fi rà á.

Mo kọ ìlànà náà sínú ìwé, mo sì fi ránṣẹ́ sí arábìnrin náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni èsì rẹ̀ dé: ọmọ rẹ̀ kó pọ̀tétò náà kún inú àwo jù, wọ́n sì rọ̀ bí aṣọ tí òjò pa. Ó ń béèrè iye tí ó yẹ kí àwo kan gbà.