Ta Ni Yóò Kọ́ Oníṣẹ́ Abẹ Ọ̀fun? Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó

Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó,

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú lẹ́tà yìí: kí ìjọba yín fi òfin dá àpò owó ìtọrẹ kan sílẹ̀, tí àwọn olówó àti ilé iṣẹ́ ńláńlá Èkó yóò máa dá owó sí, kí a sì máa fi owó náà kọ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ tó mọ àrùn ohùn àti ọ̀fun dunjú. Ilé ìwòsàn ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ náà ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló ṣọ̀wọ́n.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tó ń ronú nípa ibà, ìrọbí àti omi mímu. Ṣùgbọ́n ohùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jẹun ní Èkó. Kọ̀ńdọ́ tó ń ké “Ọ̀báléńdé, CMS!” láti ìdájí, ládàánì tó ń pe ìrun, tíṣà tó dúró níwájú kíláàsì tó kún fọ́fọ́ láìsí máìkì, alága ìjókòó tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi láti àárọ̀ Sátidé títí ìyàwó yóò fi wọkọ̀, olórin fújì tó ń fi òru ṣe ọ̀sán: ọ̀fun ni irinṣẹ́ gbogbo wọn. Bí ohùn bá há, orógbó ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oyin, àgbo, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, oògùn kẹ́míìsì àti àdúrà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara á yá. Èyí tí kò lọ ni wàhálà.

Àwọn dókítà gbà pé ohùn tó bá há kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò wo inú ọ̀fun náà. Jẹjẹrẹ gògóńgò lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá lára ẹni tó ń fa sìgá tó sì ń mu ọtí líle. Bí wọ́n bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ kékeré tàbí ìtànṣán lè wò ó sàn, kí ohùn sì ṣẹ́kù. Bó bá pẹ́, gògóńgò ni wọn yóò yọ pátá, irú iṣẹ́ abẹ tí Theodor Billroth ṣe ní Vienna ní 1873. Ihò tí wọ́n dá sí ọrùn ni aláìsàn yóò máa gbà mí títí ayé.

Àrùn ọ̀fun kì í mọ sórí àgbà nìkan. Irú kòkòrò àrùn HPV méjì wà, àwọn tí wọ́n ń pè ní 6 àti 11, tó máa ń mú kí ẹran kéékèèké hù sórí tán-án-ná ọmọdé. Ohùn ọmọ á há, èémí rẹ̀ á máa han. Ará ilé á ní òtútù ni, ilé ìwòsàn tí kò ní irinṣẹ́ á ní ikọ́ fée ni. Bí wọ́n bá gé e, ó tún ń hù. Ọmọ mìíràn á ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní ìgbà mẹ́wàá, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó dàgbà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá 2023 lè dín in kù fún ìran tó ń bọ̀. Ní Australia tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti 2007, àwọn ọmọ tó ń ní àrùn náà ti dín kù gan-an. Àwọn tó ti ní i báyìí, ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń wò.

Gẹ̀gẹ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn ibi tó wú yẹn gan-an ni iṣan tín-ín-rín méjì gbà kọjá lọ sí tán-án-ná, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ọ̀bẹ bá kan ọ̀kan nígbà tí wọ́n ń gé gẹ̀gẹ̀, ohùn á di atẹ́gùn lásán. Bó bá kan méjèèjì, tán-án-ná lè pàdé kó kọ̀ láti ṣí, kí èémí di ìjàkadì. Oníṣẹ́ abẹ ọ̀fun kan náà ni wọ́n máa ń sáré pè bí ẹ̀pà bá wọ kòmóòkun ọmọ ọdún méjì, tàbí bí ọmọ bá mu kọ́ọ́sítíìkì tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fi se ọṣẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́ oníṣẹ́ abẹ ohùn kan, ẹ̀mí ló ń rà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà nítòsí. Tán-án-ná àgbàlagbà kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ̀n tó nǹkan bí 100 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin ń lọ sí nǹkan bí 200. Lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó bò wọ́n ni ìpele kan wà tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n lè gbọ̀n. Dókítà á kun aláìsàn lóorun, á gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn, á ti páìpù irin gbọọrọ gba orí ahọ́n wọlé, á fa maikirosíkópù súnmọ́ ọn, á wá máa fi àlùmọ́gàjí gígùn tí ẹnu rẹ̀ kò tó èékánná gé èyí tó yẹ ní gígé. Bó bá gé wọnú ìpele rírọ̀ yẹn, àpá ni yóò dípò rẹ̀, àpá kì í sì í gbọ̀n. Kò sí ìwé tí èèyàn lè kà tó lè fi kọ́ èyí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lórí aláìsàn kan dé òmíràn, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ayé ti rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohùn tó padà àti èyí tí kò padà. Ní 1997, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún Julie Andrews, ìlú-mọ̀ọ́ká òṣèré àti akọrin, ní New York. Ohùn orin rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́. Nígbà tó yá, ó fi orúkọ rẹ̀ ti Voice Health Institute lẹ́yìn, àjọ aláàánú kan ní Boston tó ń kówó jọ fún ìwádìí àti ìtọ́jú ohùn. Ní Boston kan náà ni Dókítà Steven Zeitels ti ṣiṣẹ́ abẹ fún akọrin Adele ní oṣù kọkànlá 2011. Ní oṣù kejì 2012, Adele kọrin níbi àmì ẹ̀yẹ Grammy, ó sì gba mẹ́fà lọ sílé.

Owó àánú ló ti ń gbé iṣẹ́ yìí látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Dókítà Morell Mackenzie dá ilé ìwòsàn tó jẹ́ ti ọ̀fun nìkan sílẹ̀ ní London ní 1863, ìtọrẹ ló fi ń rìn, àwọn dókítà sì ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Dókítà James Gould dá Voice Foundation sílẹ̀ ní 1969, kí oníṣẹ́ abẹ, olùkọ́ orin àti onímọ̀ ìró ohùn lè máa jókòó pọ̀ kọ́ ara wọn.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Cape Town. Ní 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Johan Fagan àti akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí orílẹ̀-èdè 18 ní ìsàlẹ̀ Sàhárà. Wọ́n rí i pé àwọn oníṣẹ́ abẹ etí, imú àti ọ̀fun kò tó rárá, ibi tí wọ́n ti lè kọ́ṣẹ́ náà kò sì tó. Yunifásítì Cape Town wá ń gba dókítà láti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn wọlé láti kọ́ iṣẹ́ abẹ orí àti ọrùn, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Karl Storz, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe ẹ̀rọ ìwonú ara. Ìlànà wọn ni pé kí ẹni tó bá kọ́ ọ tán padà sílé lọ kọ́ ẹlòmíràn. Fagan tún ṣe olóòtú ìwé iṣẹ́ abẹ kan tí dókítà yòówù lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Smile Train náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999 fún àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú ètè lílà, dókítà onílé ló gbà pé kí òun máa kọ́, Nàìjíríà sì wà lára ibi tó ti ń ṣe é.

Èkó kò ṣàìní ọlọ́rẹ, Gómìnà. Inú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìpínlẹ̀ yìí ní Ìkẹjà, ni Ayinke House wà, ilé ìgbẹ̀bí tí Olóògbé Sir Mobolaji Bank-Anthony fi ta ìlú lọ́rẹ, tí àìmọye ọmọ Èkó sì ti gbibẹ̀ wáyé. Ilé ni olówó wa mọ̀ ọ́n kọ́, ìdí rẹ̀ sì yéni: ilé ṣeé fi orúkọ kọ, ó ṣeé gé rìbọ́nù níwájú rẹ̀. Dókítà kò ṣeé gé rìbọ́nù sí. Ṣùgbọ́n ipò ìkọ́ṣẹ́ ṣeé fi orúkọ pè. Bí báńkì kan bá san owó ọdún kan fún dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ohùn, kí ipò náà máa jẹ́ orúkọ báńkì yẹn. Bí ìdílé kan bá fi owó sílẹ̀ nírántí bàbá wọn tí jẹjẹrẹ ọ̀fun pa, kí orúkọ bàbá náà wà lára ìwé ẹ̀rí gbogbo ẹni tó bá ti ibẹ̀ jáde.

Ìlànà ìṣàkóso irú àpò owó yìí kò sì ṣàjèjì sí ìjọba yín ní Aláùsá. Ní 2007, ìpínlẹ̀ yìí fi òfin dá àpò owó ètò ààbò sílẹ̀, Lagos State Security Trust Fund. Ilé iṣẹ́ àti ará ìlú ń dá owó sí i, ìgbìmọ̀ ń bójú tó o, wọ́n fi ń ra ọkọ̀ àti irinṣẹ́ fún ọlọ́pàá, wọ́n sì ń pe ìpàdé gbangba láti ṣírò owó náà lójú àwọn tó dá a. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ ọlọ́pàá lè ṣiṣẹ́ fún dókítà.

Ẹnìkan á ní wọn yóò já pa náà ni. Òótọ́ ni. Ní 2025, Mínísítà Ètò Ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ti kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé owó tí wọ́n fi ń kọ́ ẹyọ kan lé ní 21,000 dọ́là. Ẹni tó fẹ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ etí, imú àti ọ̀fun á lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ìdánwò, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀, àti ó kéré tán ọdún márùn-ún lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ àgbà. Ọdún mẹ́tàlá nìyẹn, kò tíì kan ti ohùn gan-an. Ẹni tó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, tó padà dé wá bá yàrá iṣẹ́ abẹ tí kò ní maikirosíkópù, á lọ síbi tó wà. Nítorí náà, kí àpò owó yìí máa ra irinṣẹ́ pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Kí ẹni tó bá jẹ àǹfààní rẹ̀ fọwọ́ sí i pé òun yóò ṣiṣẹ́ ní Èkó fún iye ọdún kan, bó bá kọ̀, kó san owó padà. Kí ọ̀gá láti òkèère sì máa wá kọ́ni ní Ìkẹjà, dípò kí gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa wọ bàálù lọ. Kí olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ náà wà nínú ètò yìí, nítorí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe lo ohùn rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó tóbi jù níbẹ̀rẹ̀. Dókítà méjì lọ́dún, olùtọ́jú ọ̀rọ̀ kan, yàrá kan ní LASUTH tí irinṣẹ́ rẹ̀ pé. Kí ìjọba dá owó àkọ́kọ́, kí ẹ pe àwọn olówó sọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì gbé àbá òfin náà lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pẹ̀lú ìwé ìṣúná tó ń bọ̀. Bí ọdún kan bá pé, kí ẹ pe ìpàdé gbangba, kí àwọn tó dáwó bèèrè lọ́wọ́ yín pé: mélòó ni ẹ ti kọ́, aláìsàn mélòó ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, èló ló kù?

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó ga,
Ará Èkó kan